Fíìmù Polyimide, Ọ̀rá Tí Ooru Kì Í Yọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí A Ṣe Ń Ṣe É

Ẹni tó bá ti gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe rí yóò ti rí tépù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó gbé ooru sí i. Ohun tí wọ́n fi ṣe tépù yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín. Mo ti lo ọdún díẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí nínú yàrá ìwádìí, mo sì ti kó àwọn ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ àti àwọn ọ̀rẹ́ máa ń bi mí jọ, pẹ̀lú èsì tí mo rò pé ó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Kí ni fíìmù polyimide, kí ló sì yà á sọ́tọ̀ lára ọ̀rá tí a mọ̀?

Fíìmù tí à ń sọ yìí kì í ṣe eré tí a ń wò. Pọ́límà, ìyẹn ohun tí mólékù rẹ̀ gùn bí ẹ̀wọ̀n, tí a tẹ́ pẹlẹbẹ, tí ó fẹ́lẹ́ tó bébà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni. Ọ̀rá tí a fi ń di iyọ̀ lọ́jà, ọ̀rá píọ́ wọ́tà, àti ọ̀rá tí àwọn ìyá wa ń bu mọ́ínmọ́ín sí, pọ́límà pẹlẹbẹ ni gbogbo wọn, polyethylene sì ni púpọ̀ nínú wọn. Èyí tó rọ̀ jù nínú polyethylene máa ń yọ́ láàárín 105°C sí 115°C, omi mọ́ínmọ́ín sì ń hó ní 100°C. Ẹ ó rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù kí ọ̀rá náà yọ́ ní gbogbo ìgbà tí ìkòkò bá wà lórí iná, ìdí sì nìyẹn tí ó fi máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò nígbà tí omi bá gbẹ tán. Polyester tí wọ́n fi ń ṣe ike omi àti ike ẹlẹ́rìndòdò le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 255°C ni òun ń yọ́.

Polyimide irú èyí tí mò ń sọ kò ní ìwọ̀n ooru kankan tí ó ti ń yọ́. Bí ooru bá kọjá 500°C, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ kíákíá, yóò sì di èédú níkẹyìn, ṣùgbọ́n kò ní di omi, kò sì ní kán tótó. Ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà ní àárín àwọn ọdún 1960 lábẹ́ orúkọ Kapton, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe é sì wà ní Circleville ní ìpínlẹ̀ Ohio. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Ube àti Kaneka ní ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn, tí wọ́n sọ ní Upilex àti Apical.

Kí ló dé tí ooru kò fi rí i yọ́?

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí yíyọ́ jẹ́. Ẹ̀wọ̀n gígùn ni mólékù pọ́límà, àwọn ẹ̀wọ̀n náà sì lọ́ mọ́ ara wọn. Nígbà tí ooru bá mú wọn gbọ̀n débi pé wọ́n lè máa yọ̀ kọjá lára ara wọn, a ní nǹkan náà ti yọ́. Ẹ̀wọ̀n polyethylene dà bí okùn tí kò ní kókó, ibi gbogbo ni ó ti ń tẹ̀, kò sì sí ohun tó so òun àti ẹnì kejì rẹ̀ pọ̀ dáadáa.

Ti polyimide yàtọ̀. Òrùka kábọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ fi kún, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra bíi pákó tí a kàn papọ̀. Apá kan lára ẹ̀wọ̀n náà ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó fẹ́ fi sílẹ̀, apá kejì ń wá èyí tí yóò gbà, nítorí náà apá tó ń fúnni lára ẹ̀wọ̀n kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá tó ń gbà lára òmíràn, wọ́n á sì di ara wọn mú. Kí wọ́n tó lè yọ̀ kọjá lára ara wọn, ooru ti gbóná débi pé ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ ti ń já. Ọ́síjìn kan ṣoṣo tó wà láàárín òrùka méjì ni oríkèé tí ẹ̀wọ̀n náà ní. Èmi fẹ́ràn ọ́síjìn yẹn púpọ̀, torí òun ni kì í jẹ́ kí fíìmù náà fọ́ bí àwo nígbà tí a bá ká a. Láàárín 360°C sí 410°C ni oríkèé náà máa ń tú díẹ̀, tí fíìmù náà sì máa ń rọ̀, síbẹ̀ kò ní yọ́.

Bí kò bá ṣeé yọ́, báwo ni wọ́n ṣe wá tẹ́ ẹ di fíìmù?

Ìbéèrè yìí ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà dúró. Ọ̀rá lásán rọrùn láti ṣe, a ó yọ́ ṣẹ́ṣẹ́ ike, a ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i tàbí kí a tẹ̀ ẹ́ gba ẹnu ẹ̀rọ kọjá, ó sì di ọ̀rá. Polyimide kò gba irú èyí, kò sì tún sí omi kẹ́míkà tí a lè fi tú u bí a ṣe ń fi kẹrosíìnì tú ọ̀dà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn amọ̀kòkò. Ìgbà tí amọ̀ bá tutù ni wọ́n ń mọ ọ́n, wọn kì í dúró dìgbà tí ó bá di àpáàdì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ọ́n tán ni wọ́n tó sun ún, bó bá sì ti jiná, omi kò lè sọ ọ́ di amọ̀ mọ́. Bákan náà ni a ṣe ń ṣe polyimide. A ó kọ́kọ́ ṣe ohun kan tí ń jẹ́ polyamic acid, èyí tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti gùn tán ṣùgbọ́n tí àwọn òrùka kan lára rẹ̀ kò tíì pa dé. Èyí ṣì ń tú nínú omi kẹ́míkà, a sì lè tẹ́ ẹ bí a bá ṣe fẹ́. Lẹ́yìn tí a bá ti tẹ́ ẹ ni a ó gbé e sínú ooru kí àwọn òrùka náà lè pa dé, kí ó sì di polyimide. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀, ìgbà tí ó ṣì tutù ni a gbọ́dọ̀ ti ṣe é.

Kí ni àwọn èròjà rẹ̀?

Èròjà méjì péré ni, pẹ̀lú omi tí a ó fi pò wọ́n. Èkínní ni pyromellitic dianhydride, tí a ń gé kúrú sí PMDA, èkejì sì ni oxydianiline, tí a ń pè ní ODA. Ẹ̀tù ni àwọn méjèèjì. Omi ìpò tí ó wọ́pọ̀ jù ni dimethylacetamide, ìyẹn DMAc.

Wọ́n ní ìwọ̀n èròjà gbọ́dọ̀ pé régí. Ṣé àbùmọ́ kọ́?

Kì í ṣe àbùmọ́ rárá. PMDA kan gbọ́dọ̀ rí ODA kan di mú, torí olọ́wọ́ méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì ń di ọwọ́ ara wọn mú lọ bí àwọn ọmọdé tó tò sórí ìlà. Bí a bá wọn 218 gíráàmù PMDA, nǹkan bí 200 gíráàmù ODA ni yóò bá a dọ́gba. Bí ẹ̀yà kan bá pọ̀ ju èkejì lọ, yóò dé ibì kan tí gbogbo ọwọ́ tó kù yóò jẹ́ ti ẹ̀yà kan náà, ẹ̀wọ̀n kò sì ní lè gùn mọ́. Ìṣirò tó ṣàlàyé èyí ń jẹ́ orúkọ Wallace Carothers, ọ̀gá àwọn tó ṣe náílọ́ọ̀nù ní DuPont. (Náílọ́ọ̀nù tòótọ́ ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n fi ń ṣe okùn àti aṣọ, kì í ṣe ọ̀rá ọjà tí àwa ń pè bẹ́ẹ̀.) Ìṣirò náà fi hàn pé bí èròjà kan bá fi ìdá 1 nínú 100 dín sí èkejì, ẹ̀wọ̀n náà kò ní ju nǹkan bí ẹyọ 199 lọ ní ìpíndọ́gba, kódà bí gbogbo ọwọ́ tó yẹ kó di ara wọn mú bá ti di ara wọn mú. Bí ó bá fi ìdá 5 dín, ẹyọ 39 péré ni. Ẹ̀wọ̀n kúkúrú kò sì lè gbé fíìmù dúró.

Ìdí nìyí tí omi lásán fi jẹ́ ọ̀tá iṣẹ́ yìí. PMDA tí ọ̀rinrin bá kàn ti pàdánù ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ODA. Lọ́jọ́ kan ní àsìkò òjò, mo ṣí ìgò PMDA sílẹ̀ lórí tábìlì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí mò ń wá síbí tí mo fi ń bu ẹ̀tù. Òṣùwọ̀n fi hàn pé ohun gbogbo pé, mo sì pò ó. Ó yẹ kí àdàlù náà ki, kí ó máa fà bí oyin, ṣùgbọ́n ṣe ni ó ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Mo ṣe agídí, mo dà á sórí gíláàsì, mo sì gbẹ ẹ́. Fíìmù náà wá dà bí èèpo àlùbọ́sà gbígbẹ, ó pọ́n bákan náà, bí mo sì ṣe fi ọwọ́ kàn án ni ó rún mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ààrò ni mo ti ń gbẹ PMDA kí n tó wọ̀n ọ́n, mi ò sì tún ṣí i sílẹ̀ mọ́.

Ẹ rìn wá la iṣẹ́ náà já, láti ìkòkò títí dé ìdì.

Ní ilé iṣẹ́, ODA ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú sínú DMAc tó gbẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n ó máa da PMDA sí i díẹ̀díẹ̀. Àdàlù náà máa ń mú ooru wá fúnra rẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tu ìkòkò náà lára. Bí PMDA ṣe ń súnmọ́ ìwọ̀n tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ni àdàlù náà ń ki sí i, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba kínún tó gbẹ̀yìn ni ó ń sọ ọ́ di ohun tó ń fà. Pọ́límà inú rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìdá 15 sí 20 nínú 100 lọ, omi ìpò ni gbogbo èyí tó kù. Bí wọn kò bá ní lò ó lójú ẹsẹ̀, inú òtútù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, torí bí ó bá wà lójú ooru lásán fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, torí hóró eruku kan tàbí ìfófó afẹ́fẹ́ kan tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ ti tó láti di ihò lára fíìmù tí kò nípọn ju ìdá 25 nínú 1,000 mílímítà, ìyẹn máíkírónì 25, lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á tì í gba ẹnu gbọọrọ kan jáde, ẹnu tó fẹ̀ tó fíìmù tí wọ́n fẹ́ ṣe ṣùgbọ́n tí ó há gan-an, yóò sì bọ́ sórí bẹ́líìtì irin tí kì í dógùn-ún tàbí sórí ìlù irin tó ń yí, tó sì gbóná. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: nítorí pé omi ìpò ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí a bá fẹ́ fíìmù máíkírónì 25, èyí tí a ó tẹ́ sórí bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ nípọn tó nǹkan bí máíkírónì 200. Ìdá méje nínú mẹ́jọ ni yóò bá afẹ́fẹ́ lọ.

Kí ó tó yí bẹ́líìtì náà tán, omi ìpò díẹ̀ ti kúrò, fíìmù náà sì ti gbà kí a ká a, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì rọ̀ tí ó sì ṣì tutù nínú. Wọ́n á ṣí i kúrò lójú irin. Ibi tí mo rò pé ó gba ọgbọ́n jù nìyí. Bí omi ìpò ti ń jáde, tí òrùka sì ń pa dé, fíìmù náà máa ń fẹ́ súnkì, bí a bá sì fi í sílẹ̀, yóò kákò bí ewé tí oòrùn pa. Nítorí náà, ẹ̀rọ yóò gbá etí rẹ̀ méjèèjì mú pẹ̀lú ọ̀wọ́ abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀mú, yóò nà án, yóò sì máa gbé e lọ láti ààrò kan sí òmíràn, tí ooru ń pọ̀ sí i ní ìpele-ìpele títí yóò fi kọjá 400°C. Omi tòótọ́ ń jáde lára rẹ̀ nínú ààrò wọ̀nyí, kì í ṣe omi ìpò nìkan: nínú gbogbo 418 gíráàmù polyamic acid, 36 gíráàmù yóò lọ bí omi, 382 gíráàmù yóò sì kù gẹ́gẹ́ bí polyimide. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gé etí tí abẹ́rẹ́ ti lù kúrò, wọ́n á fi iná mànàmáná ha ojú rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè dì mọ́ ọn, wọ́n á sì ká a jọ di ìdì ńlá.

Ṣé ooru nìkan ló lè pa òrùka náà dé?

Rárá. Ọ̀nà kejì ni kí a po acetic anhydride àti èròjà mìíràn bíi pyridine mọ́ àdàlù náà kí ó tó dé orí bẹ́líìtì. Àwọn èròjà wọ̀nyí a máa fa omi jáde lára ẹ̀wọ̀n, tí òrùka a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé láìdúró de ooru gíga. Ọ̀nà yìí yá ju èkínní lọ, fíìmù rẹ̀ sì sábà máa ń lágbára jù, ṣùgbọ́n àdàlù tí a ti fi kẹ́míkà sí kò ní sùúrù. Bí ó bá pẹ́ nínú páìpù, inú páìpù náà ni yóò dì sí.

Kí ni ó sábà máa ń ba fíìmù jẹ́ lójú iṣẹ́?

Ìkánjú ló ń bà á jẹ́ jù. Nínú yàrá ìwádìí, bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó fi gíláàsì tí a tẹ́ àdàlù sí sínú ààrò, a ó fi í sílẹ̀ ní 100°C fún wákàtí kan, 200°C fún wákàtí kan, àti 300°C fún wákàtí kan. Mo ti gbìyànjú rí láti fo ti àkọ́kọ́ nítorí pé ilẹ̀ ń ṣú. DMAc ń hó ní 165°C. Nígbà tí mo gbé gíláàsì náà bọ inú ààrò tó ti wà ní 200°C, ojú fíìmù náà gbẹ ṣáájú inú rẹ̀, omi ìpò tó wà nísàlẹ̀ sì hó lábẹ́ awọ náà. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti lé ròrò bí ìgbà tí omi gbígbóná bá bó ènìyàn lára. Kò sí àtúnṣe fún irú rẹ̀, ó ti di polyimide, ìléròrò rẹ̀ náà sì ti di polyimide.

Yàtọ̀ sí èyí, fíìmù lè nípọn lápá kan ju apá kejì lọ, èyí tí ó máa ń hàn nígbà tí a bá ká a di ìdì, torí ìlà tó nípọn díẹ̀ yóò máa gun orí ara rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, ìdì náà yóò sì wú bí ẹni tó di àmùrè. Bí òrùka kò bá sì pa dé tán, fíìmù náà yóò dára lójú, ṣùgbọ́n yóò tètè bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Kí ló fún un ní àwọ̀ oyin?

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí apá kan ń fún apá kejì, tí mo ti sọ lókè, ni. Ìfúnni-àti-gbígbà yẹn máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù mì, èyí tó kù ni ojú wa ń rí bí ìyeyè. Àwọn onímọ̀ ti fi fluorine sára ẹ̀wọ̀n láti ya àwọn apá náà nípá, fíìmù náà sì mọ́ gaara. Irú rẹ̀ ni Samsung fi bo ojú fóònù Galaxy Fold àkọ́kọ́ ní 2019. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fún un ní àwọ̀ wà lára ohun tó ń mú un le lójú ooru, nítorí náà, èyí tó mọ́ gaara kì í fara da ooru tó èyí tó pọ́n.

Ooru tó báwo gan-an ni ó lè fara dà, fún ìgbà wo sì ni?

Ẹ má ṣe gba nọ́ńbà ooru kankan lọ́wọ́ olùtajà láìbéèrè àkókò. DuPont dán irú Kapton kan tí ń jẹ́ HN wò nínú afẹ́fẹ́ lásán, wọ́n sì ka iye àkókò tí yóò gbà kí fíìmù tí ó lè nà dé ìdá 70 nínú 100 má lè nà ju ìdá 1 lọ mọ́. Ní 250°C, ọdún 8 ni. Ní 275°C, ọdún kan. Ní 300°C, oṣù 3. Ní 400°C, wákàtí 12, ní 450°C, wákàtí 2. Nítorí náà, ẹni tó ní ó ń fara da 400°C kò parọ́, ẹni tó bá sì fi í sínú mọ́tò tí yóò máa gbóná tó 400°C lójoojúmọ́ yóò kábàámọ̀. Lápá òtútù, ó ń ṣiṣẹ́ dé 269°C nísàlẹ̀ òdo, níbi tí púpọ̀ nínú ọ̀rá tí a mọ̀ yóò ti fọ́ bí gíláàsì.

Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?

Inú ẹ̀rọ ni èyí tó pọ̀ jù wà. Páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ká nínú fóònù, tó so ojú rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, bàbà tí a tẹ́ sórí polyimide ni. Wọ́n yan polyimide nítorí pé ó ń fara da ooru lẹ́ẹ̀dì (irin yíyọ́ tí wọ́n fi ń jó nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù), àti nítorí pé bí ooru ṣe ń mú un gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti bàbà mu: ìdá 20 nínú mílíọ̀nù fún dígírì kọ̀ọ̀kan, bàbà sì jẹ́ 17. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, ọ̀kan yóò fa èkejì ya. Ó tún ń dí iná mànàmáná lọ́nà gan-an, fíìmù máíkírónì 25 lè dojú kọ nǹkan bí 7,700 fọ́ltì kí iná tó dá a lu, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wé e mọ́ wáyà mọ́tò ńlá.

Nínú òfurufú, àwọ̀ wúrà tí ẹ ń rí lára ọkọ̀ tí àwọn ará Apollo fi balẹ̀ sí ojú òṣùpá kì í ṣe wúrà, fíìmù polyimide aláwọ̀ oyin tí a bò lẹ́yìn pẹ̀lú alumíníọ̀mù ni. Awò awọ̀ràwọ̀ James Webb, tí wọ́n rán lọ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, 2021, ní agboòrùn ìpele márùn-ún tí ó gùn tó mítà 21, tí ó sì fẹ̀ tó mítà 14. Kapton ni ìpele kọ̀ọ̀kan, èkínní tó kọjú sí oòrùn nípọn tó máíkírónì 50, àwọn yòókù jẹ́ 25. Ẹ̀gbẹ́ oòrùn ń gbóná tó nǹkan bí 85°C, ẹ̀gbẹ́ kejì sì wà ní nǹkan bí 233°C nísàlẹ̀ òdo. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí pé ohun tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ló wà láàárín méjèèjì.

Kódà jíjó rẹ̀ wúlò. Bí a bá sun ún láìsí afẹ́fẹ́ títí dé nǹkan bí 3,000°C, ó ń di ìwé gráfáìtì tó ń tan ooru kálẹ̀ kíákíá, èyí tí wọ́n ń fi sẹ́yìn ojú fóònù.

Kí ni àìlera rẹ̀?

Ó ń mu omi. Bí a bá rì í sínú omi fún ọjọ́ kan, yóò mu tó nǹkan bí ìdá 2.8 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbẹ páálí fóònù kí wọ́n tó gbé ooru sí i. Omi gbígbóná àti kẹ́míkà tó dà bí omi eérú, ìyẹn sóódà olóró, ń já ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 sí 1980, wọ́n lò ó gan-an fún wáyà ọkọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n níbi tí ara wáyà bá ti sán, tí ọ̀rinrin sì wọlé, iná lè máa ta láti ibì kan sí òmíràn, kí ara fíìmù náà di èédú, kí èédú náà sì máa gbé iná. Nítorí èyí ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣe yé lò ó bẹ́ẹ̀. Nínú òfurufú tó súnmọ́ ayé, ẹyọ ọ́síjìn tó dá wà ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bákan náà, a kò lè kó èyí tó ti gbó jọ kí a yọ́ ọ ṣe òmíràn bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rá píọ́ wọ́tà. Ó sì wọ́n púpọ̀ ju polyester lọ, nítorí náà, ibi tí polyester bá ti tó, ẹ lo polyester.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ojúlówó tépù polyimide ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì?

Àwọ̀ kò tó láti fi dá a mọ̀, torí a lè pa polyester láró kí ó dà bí oyin. Ẹ gé díẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú, ẹ sì gbé e sítòsí iná ìṣáná. Polyester yóò kákò lójú ẹsẹ̀, yóò sì yọ́ kán. Polyimide yóò dúdú létí, kò ní yọ́, bí ẹ bá sì gbé iná kúrò, iná ara rẹ̀ yóò kú fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí: tépù ní gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù ni ó sì ń kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù sílíkónì dáadáa ń gbé e dé nǹkan bí 260°C. Lẹ́ẹ̀dì ìgbàlódé tí kò ní òjé nínú ń yọ́ ní 217°C, èyí tó ní òjé sì ń yọ́ ní 183°C, nítorí náà tépù náà tó fún iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé búlówà sí 350°C tí a sì dúró lójú kan pẹ́, fíìmù yóò wà, gọ́ọ̀mù yóò sì ṣẹ́kù sára bọ́ọ̀dù bí ìdọ̀tí.

Ṣé iṣẹ́ náà léwu fún ẹni tó ń ṣe é?

Fíìmù tó ti jiná kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. DMAc ni kí ẹ bẹ̀rù. Ó ń gba ara wọlé, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè pa ọmọ inú lára, ìdí nìyí tí àjọ European Union fi kọ ọ́ mọ́ àwọn kẹ́míkà tó ń kọ wọ́n lóminú gidigidi. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tín-ínrín tí a fi ń tọ́jú aláìsàn kò tó, torí DMAc ń yára gbà á kọjá, ìbọ̀wọ́ butyl tó nípọn ni ó tọ́. Ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ ń gba gbogbo òórùn rẹ̀ padà láti inú ààrò, wọ́n sì ń sè é di mímọ́ láti tún un lò.

Ṣé a lè ṣe é nílé wa ní Nàìjíríà?

Ní ti ìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Yunifásítì tó bá ní òṣùwọ̀n tó péye, ààrò tó ń dé 300°C, ibi tí a ti ń fa òórùn kẹ́míkà jáde, àti náítrójìn gbígbẹ lè tẹ́ fíìmù tó tó ojú bébà ìkọ̀wé láàárín ọjọ́ méjì, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa ṣe é, torí ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká fíìmù àkọ́kọ́ kúrò lórí gíláàsì kò ní gbàgbé kẹ́mísìrì pọ́límà mọ́ láéláé.

Bẹ́líìtì tó ń yí láìdúró ni ó le. Bí iná bá lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, àdàlù tó wà lórí irin yóò gbẹ mọ́ ọn, èyí tó wà nínú ààrò yóò jóná láàárín abẹ́rẹ́, èyí tó wà nínú páìpù yóò sì máa dì. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gba ìṣẹ́jú kan kó tó gbéra kò lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ là. Nítorí náà, ibi tí èmi yóò ti gba oníṣòwò níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e: kí ó ra ìdì fíìmù tó ti jiná, kí ó máa fi gọ́ọ̀mù sílíkónì kùn ún, kí ó sì máa gé e sí tépù mílímítà 5, 10 àti 20 tí àwọn atúnfóònùṣe ń lò. Ẹ̀rọ ìkùngọ́ọ̀mù lè dúró nígbà tí iná bá lọ, a ó gé ibi tó bàjẹ́ kúrò lára ìdì, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.